Ẹnu Yín Ni Mò Ń Wò

Ọ̀gá tí mo kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ ní Àbújá fẹ́ràn ìmọ́tótó ju oúnjẹ lọ. Ọmọ Ìlọrin ni, Alhaji ni gbogbo wa ń pè é, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Wuse tí a ti ń ṣe fotokọ́pì, tí a ti ń bá àwọn èèyàn tẹ lẹ́tà, tí a sì ti ń fi ọ̀rá bo káàdì ìdánimọ̀. Èmi ni táìpíìsì ibẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi tó ń ta aṣọ lọ́jà Wuse ni mo sì ń gbé ní Jabi. Àǹtí mi yìí ló bá mi wá iṣẹ́ náà. Nígbà tí Alhaji bi í bóyá mo mọ kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ha, inú ẹ̀ ló dàgbà sí." Irọ́ gbáà ni. Ìka méjì péré ni mo fi ń tẹ̀wé, bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo.

Lọ́jọ́ kan nígbà ọyẹ́, tí eruku ti bo gbogbo nǹkan, mo lọ kírun Àsárì. Nígbà tí mo padà dé, mo bá Alhaji tó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, tó gbé kíbọ́ọ̀dù lé itan, tó ń fi àkísà àti tínà àwọn akunlé nù ún. Ó ń súfèé. Kíbọ́ọ̀dù náà ti funfun kinkin bí eyín ọmọdé. Kò sí álífábẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó kù lórí rẹ̀.

"Alhaji," mo ní, "A dà?"

Ó wo kíbọ́ọ̀dù, ó wò mí. "Wọ́n bá ìdọ̀tí lọ," ló wí. "Àmọ́ ṣé ìwọ ò mọ ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ ni? Táìpíìsì ṣáà ni ẹ́. Dẹ́rẹ́bà kì í wo jíà kó tó yí i."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ra òmíràn. Ó ní kò sí ohun tó ṣe èyí, ojú rẹ̀ nìkan ló bọ́. Ó ní ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán, ṣé ó ti di ẹlòmíràn ni? Ni mo bá jókòó ti nǹkan funfun náà.

Ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ yẹn kò kéré. Èyí tó burú jù ni ti obìnrin kan tó wá tẹ ìwé ètò ọjọ́ ìbí ọkọ rẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ ní Yorùbá kí àwọn àgbà ilé ọkọ òun lè rí i kà. Ẹ̀rọ wa kò mọ àmì ohùn, bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ lásán, tí olúkálùkù á fi òye kà á. Mo rọra ń tẹ̀ ẹ́, mò ń ka bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ K àti L fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn lórí kíbọ́ọ̀dù, àwọn méjèèjì sì funfun bákan náà. Gbogbo ibi tó yẹ kí n ti tẹ "ọkọ mi," "ọlọ mi" ni mo tẹ̀. Obìnrin náà kò tètè rí i. Ó ti pín ìwé náà fún gbogbo àlejò kí wọ́n tó kà á sókè pé: "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní ọlọ yìí. Ọlọ mi, ìwọ ni mo fẹ̀yìn tì láti ìgbà èwe mi."

Ohun tó wá dá kún un ni pé ọkùnrin náà kúrú, ó sì ki. Nígbà tí wọ́n wá bá wa lọ́jọ́ kejì, ó jókòó rìbìtì sórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti ka ìwé náà ni àwọn ọ̀rẹ́ òun ti ń béèrè bóyá ata ti kúnná. Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Alhaji bẹ̀ ẹ́ títí, ó fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, ó fi ọkọ bẹ̀ ẹ́. Ibi tó ti fẹ́ sọ pé "nítorí ọkọ yín," ahọ́n rẹ̀ ta, ó ní "nítorí ọlọ yín." Bí obìnrin náà ṣe dìde nìyẹn.

Ìyá àgbàlagbà kan wà lórí bẹ́ǹṣì kejì tó ń dúró de fotokọ́pì ìwé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Nígbà tí tọkọtaya náà lọ, ó wá dúró lẹ́yìn mi, ó wo bí mo ṣe ń na ìka kiri.

"Ọmọ mi, kí lò ń wá lórí ibẹ̀?"

"Álífábẹ́ẹ̀tì ni, Mà."

"Ta ló ní kí o máa wá a? Ìka rẹ ló yẹ kó mọ̀nà ilé."

Ó ní kí n dìde. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé kíbọ́ọ̀dù, ó wá kọjú sí Alhaji, ó ń bi í léèrè àwọn ará ilé. Alhaji ń dáhùn pé wọ́n wà, pé ikọ́ ń ṣe ìyá àwọn ọmọ díẹ̀, pé òun ti sọ fún un kó yé mu omi tútù ṣùgbọ́n kò gbọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ yìí, ọwọ́ màmá náà ń dún bí òjò lórí páànù. Kò wo ìsàlẹ̀ rárá. Nígbà tó ṣe tán, ó ní kí Alhaji wá wo ojú kọ̀ǹpútà. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọn ló wà níbẹ̀, ìbéèrè àti èsì, tó fi dórí ikọ́ àti omi tútù.

Alhaji kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ṣé èmi ni mo sọ eléyìí?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

Ó rìn sẹ́yìn díẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, bí ẹni pé ẹ̀rọ ọ̀hún lè lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun ìyàwó rẹ̀ nílé. Lẹ́yìn náà ló bẹ màmá pé kó kọ́ mi. Ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní Èkó ni màmá ti ṣe táìpíìsì, kí wọ́n tó kó gbogbo wọn wá sí Àbújá, ibẹ̀ ló sì ti fẹ̀yìn tì. Ó ní òun ò níṣẹ́ kan tí òun ń ṣe láàárọ̀ ju kí òun máa wo tẹlifíṣọ̀n lọ, òun á wá.

Bó ṣe kọ́ mi rèé. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ bo ọwọ́ mi àti kíbọ́ọ̀dù, ó wá so etí rẹ̀ mọ́ mi lọ́rùn bí ìgbà tí onígbàjámọ̀ fẹ́ fá èèyàn lórí. Àwọn oníbàárà tó bá wọlé á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Haúsá kan tó wá ṣe fotokọ́pì fọ́tò rẹ̀ kí mi pẹ̀lẹ́ lédè rẹ̀, "Kai, sànnu," ó sì bi Alhaji kí ló já sí mi lọ́wọ́. Alhaji ní ẹ̀kọ́ ni. Bàbá náà mirí pẹ̀lú àánú.

Màmá sọ pé ìyàwó ilé kan náà ni ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Olúkálùkù ló ní ààrò tirẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ bu iyọ̀ ní ààrò ẹlòmíràn. Ìka ìfábẹ̀lá ni ìyálé, iṣẹ́ tirẹ̀ ló pọ̀ jù. Ọmọńdinrín ni ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, tí gbogbo èèyàn rò pé kò lè ṣe nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni A wà, láìsí A, àdúrà gan-an ò ṣeé tẹ̀. Ìyálé tèmi láyọjúràn púpọ̀. Gbogbo ìgbà ló máa ń fò lọ ṣiṣẹ́ ìyàwó kékeré. Màmá kò ní rí i lábẹ́ ìborùn, ṣùgbọ́n á gbọ́ ọ. "Ìyálé, kúrò níbẹ̀," ló máa ń wí, láìgbé ojú kúrò lára bisikíìtì tó ń jẹ. Kò pẹ́ tí Alhaji náà fi kọ́ ọ. Á wà nídìí ẹ̀rọ fotokọ́pì, á kàn ké e sí mi láìmọ̀dí pé, "Ìyálé, kúrò níbẹ̀." Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ń kọjá lọ níwájú ṣọ́ọ̀bù yà wọlé wá bi í pé èwo ni tòun.

Ohun kejì tí màmá tẹ̀ mọ́ mi létí ni ọ̀rọ̀ ojú. Ó ní, "Bí èèyàn bá ń pe lẹ́tà fún ọ, ẹnu rẹ̀ ni kí o máa wò. Má wo ọwọ́ rẹ, má wo kíbọ́ọ̀dù. Ètè máa ń múra ọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó jáde." Mo gbà á sí ọkàn.

Láìpẹ́, àwọn ìka mi ò mọ ìgbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ àti ìgbà tí wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo ń fi àbóníkì pa Àǹtí mi lẹ́yìn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ni wọ́n bá ní, "Kí lò ń kọ sí mi lẹ́yìn?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí. 'Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n, mo fi ìrẹ̀lẹ̀ tọrọ ààyè ìsinmi' ni."

"Máa kọ ọ́ lọ," wọ́n ní. "Ibi tí o dé yẹn gan-an ló ń dùn mí."

Ní mọ́ṣáláṣí, mo ń tẹ̀ ẹ́ sórí itan nígbà wáàsí. Obìnrin tó jókòó tì mí wò mí títí, ó wá sún mọ́ mi, ó sì fẹ̀sọ̀ béèrè bóyá bí àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń ka tẹ̀sùbáà nìyẹn.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, màmá ká ìborùn kúrò, kò sì dá a padà. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ti ká a. Mò ń tẹ̀ lọ, mò ń wo ìta. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé igi máńgòrò kan wà lódìkejì ọ̀nà. Mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, kíbọ́ọ̀dù nìkan ni ojú mi mọ̀. Mo wá ń dá àwọn oníbàárà mọ̀ lójú. Mo mọ alàgbà tó máa ń fi báírò wa sínú àpò. Bí iná bá sì lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ò tíì dún, mi ò ní dá ọwọ́ dúró, Alhaji ló máa ń rán mi létí pé kọ̀ǹpútà ti kú.

Ní àkókò yẹn ni wẹ́dà kan bẹ̀rẹ̀ sí wá. Ọmọ Ìwó ni, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ilẹ̀kùn irin ní Idu ló ń bá ṣiṣẹ́. Lẹ́tà tó fẹ́ kọ sí ọ̀gá rẹ̀ kò ju pé kí wọ́n ra dígí dúdú tí wọ́n fi ń bojú fún òun, nítorí èyí tó wà nílẹ̀ ti fọ́. Ṣùgbọ́n Ìwó ló ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó sọ bí òun ṣe kọ́ṣẹ́, bí ọ̀gá òun àkọ́kọ́ ṣe rí, irú dígí tí wọ́n ń lò nígbà náà. Mò ń tẹ èyí tó bá wúlò nínú rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀ bí màmá ṣe kọ́ mi. Láàárín ọ̀rọ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Ṣé nǹkan wà lẹ́nu mi ni?"

"Rárá," mo ní. "Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ."

Ó ń bá a lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, bí ẹni tó ń sọ àṣírí.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó fi padà wá. Ó fẹ́ kọ̀wé sí onílé rẹ̀ nípa àkùkọ aládùúgbò. Lẹ́yìn náà, ó kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ fún dígí tí wọn ò tíì rà. Lẹ́yìn ìyẹn ló kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ ní Ìwó. Mo bi í pé ṣé ìyá rẹ̀ mọ Gẹ̀ẹ́sì kà. Ó ní rárá o, ìyá òun ò mọ̀wé rárá. Mo ní ta ló máa wá kà á fún wọn. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Wọ́n á kàn máa wò ó." Ó ti ń wọ ẹ̀wù tuntun wá, ó ń fín lọ́fínńdà tó ń mú Alhaji sín.

"Ọkùnrin yìí ń kọ̀wé o," ni Alhaji wí. "Àfi bíi pé ìjọba fẹ́ yàn án sípò."

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan wọlé, ó wọ híjáàbù aláwọ̀ eérú, ó jókòó, kò béèrè nǹkan kan. Bàbá onílé kan ló ń pe lẹ́tà ìkìlọ̀ fún mi lọ́wọ́, èyí tó fẹ́ fún àwọn tó gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n ń da omi ìdọ̀tí sójú ọ̀nà. Mo tẹjú mọ́ ẹnu bàbá náà. Obìnrin náà wò mí, ó wo bàbá, ó tún wò mí. Ó dìde.

"Ó tún ń ṣe é fún eléyìí náà," ló wí fún Alhaji. Ó wá kọjú sí mi. "Àbúrò mi ọkùnrin ò jẹun dáadáa mọ́ nítorí tìẹ. Ọmọ Ìwó, wẹ́dà. Ó ní ò ń wò ó bí ẹni pé o fẹ́ gbé e mì. Ó ní kí n wá wo ìwà rẹ kí á tó lọ bá àwọn òbí rẹ. Mo wá débí, mo bá ọ tí o tún gbé ojú yẹn lé bàbá arúgbó."

Mi ò dá ọwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ó ti sún kúrò nílé, gbogbo ìka ti bọ́ sí ààrò aládùúgbò. Ohun tí mo tẹ̀ láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ìwé kì í ṣe èdè ẹnikẹ́ni.

Mo ṣàlàyé fún obìnrin náà pé iṣẹ́ ni, pé ẹnu ni wọ́n ní kí n máa wò. Kò gbà. Alhaji ní kó dán mi wò. Ni mo bá ṣí ojú ìwé tuntun, mo yí ojú sí i, mo ní kó máa sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ò wọ́n ọn. Ó bá mi wí dáadáa: ó ní ọmọbìnrin tó bá ń wo ọkùnrin tààrà kò lẹ́kọ̀ọ́, ó ní ọjà kọ́ ni a ti ń fi ojú mú ọkọ, ó ní nígbà tòun, ilẹ̀ làwọn ń wò títí wọ́n fi dá ọjọ́ ìyàwó. Mo tẹ gbogbo rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó kà á. Ó ní mo fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ níbi tó ti sọ pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́, "rárá" wà níbẹ̀. Mo fi sí i. Ó ní òun fẹ́ fotokọ́pì rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin òun wà nílé.

Ó wá jókòó, ara rẹ̀ ti rọ̀. "Ṣé ẹnu rẹ̀ nìkan lò ń wò, lóòótọ́?"

"Ẹnu wọn ni, Mà. Ẹnu yín náà ni mò ń wò báyìí."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ èyí fún un?" ló wí, ó sì lọ.

Ní ti bàbá onílé, mo fẹ́ ya lẹ́tà rẹ̀ dànù kí n tún un tẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án. "Gẹ̀ẹ́sì yìí le," ló wí. "Eléyìí ni wọ́n máa bẹ̀rù." Mo gbọ́ pé ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n sì dá omi dídà dúró, torí wọn ò mọ ohun tó lè tẹ̀lé e.

Wẹ́dà ò wá mọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn oníbàárà yòókù, ohun tí wọ́n fẹ́ nìkan ni wọ́n ń sọ. Kò sí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti Ìwó. Nígbà tí màmá yà kí wa, ó gbọ́ ọwọ́ mi fúngbà díẹ̀, ó ní, "Ìyàwó ilé rẹ ti ń jà." Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi bọ́ sórí àyà. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe òun l'Ékòó, pé ọ̀gá méjì tí òun máa ń wò lẹ́nu ti rò pé òun fẹ́ wọn.

Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, Àǹtí mi rán mi lọ sí gáréèjì Jabi láti gba ẹrù aṣọ tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì kan, mo sì gbọ́ tí ẹnìkan kí mi lẹ́yìn. Wẹ́dà ni, òun náà wá gba ẹrù. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, nígbà tí mo sì dìde, mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ojú sí. Kò sí kíbọ́ọ̀dù, kò sí lẹ́tà. Mo gbé e sára táyà bọ́ọ̀sì náà.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," ló ní. "Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣàlàyé fún mi. Iṣẹ́ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Iṣẹ́ ni."

"Kò burú."

Àgbèrò kan ń pe èrò Kàdúná. Mo bi táyà náà pé, "Ṣé wọ́n ti ra dígí yín?"

"Méjì ni wọ́n rà. Ọ̀gá ní lẹ́tà ìdúpẹ́ yẹn ló kó ìtìjú bá òun." Lẹ́yìn náà ló ní, "Jọ̀ọ́, táyà yẹn, kí ló ń pè fún ọ?"

Ẹ̀rín pa mí. Mo gbìyànjú láti wò ó, mo dé ibi àgbọ̀n rẹ̀, mo padà. Ó rí i. Kì í ṣe òmùgọ̀. Gbogbo oṣù tí mo fi tẹjú mọ́ ọn bí tẹlifíṣọ̀n, ó ti mọ̀ báyìí pé asán ni. Èyí tí mi ò lè wò ó yìí ló wá ń gbé yẹ̀ wò, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ara rẹ̀.

Ó ní ṣé òun lè máa yà sí ṣọ́ọ̀bù láìkọ lẹ́tà. Mo ní Alhaji kì í jẹ́ kí èèyàn jókòó lásán. Ó ní kò sí wàhálà, òun á máa ṣe fotokọ́pì. Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe é. Káàdì ìdánimọ̀ ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló máa ń mú wá, ojoojúmọ́ tó bá ráyè, títí Alhaji fi bi í bóyá ó ń tà wọ́n ni. Ọjọ́ yẹn ló sọ fún Alhaji ohun tó ń wá. Alhaji fúnra rẹ̀ ló mú un lọ bá Àǹtí mi, lẹ́yìn tó ti ní kó lọ wẹ̀ dáadáa ná.

A ṣe nìkáà wa ní Jabi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló jókòó tì mí, ó ní kí n wo ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì ṣòro fún mi. Màmá wá, ó sì wo gbogbo èèyàn lẹ́nu.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ọkọ mi ní òun náà fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé láìwo ọwọ́, kó lè máa kọ lẹ́tà tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìka wẹ́dà ni tirẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tẹ bọ́tìnnì méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fẹ́ tẹ orúkọ ara rẹ̀, ó gbàgbé ìka sórí bọ́tìnnì kan nígbà tó ń sọ ìtàn kan fún mi, nígbà tí ìtàn sì máa parí, álífábẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo yẹn ti kún ojú ìwé bámúbámú. Ó wò ó.

"Ẹ̀rọ yìí ń kólòlò," ló wí, ó sì dìde fún mi lórí àga, ó fa àga mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe lẹ́tà rẹ̀ fún mi láti Ìwó.